Ọ̀dùnkún Àlejò

Ẹni tó bá fẹ́ fẹ́ ọkùnrin tó ti ní àgbà ọmọ nílé, kó má tan ara rẹ̀ jẹ pé ọkùnrin yẹn nìkan lòun máa bá sọ̀rọ̀. Idella Pettaway kò tan ara rẹ̀ jẹ. Láti àárọ̀ ọjọ́ Àìkú yẹn, kí wọ́n tó kọ orin àkọ́kọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ni àyà rẹ̀ ti ń já, ó sì mọ ohun tó ń já a. Thurman Artis ti sọ ọ́ fún un láìfi igbá kan bọ̀kan nínú. Ó ní òun fẹ́ ẹ, òun sì fẹ́ kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun nínú oko, ṣùgbọ́n bí Vonda ọmọ òun bá sọ pé rárá, òun ò ní lè ṣe é. Vonda nìkan ni Ọlọ́run fi ta òun lọ́rẹ. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń dáko ọ̀dùnkún náà látìgbà tí ìyá ọmọ ti kú.

Idella kì í ṣe ọmọdé mọ́. Láti ọjọ́ tó ti sin ọkọ rẹ̀ ló ti ń dá jẹun nínú fúláàtì kékeré kan ní Wilmington létí òkun, tẹlifíṣọ̀n ló sì máa ń tàn sílẹ̀ kó lè gbọ́ ohùn èèyàn bó bá ń fi ṣíbí kan àwo. Kò fẹ́ padà sídìí tẹlifíṣọ̀n yẹn. Ó fẹ́ràn Thurman, ó fẹ́ràn ilé rẹ̀ tó wà láàárín pápá, ó tiẹ̀ ti ń fẹ́ràn ariwo tí páànù òrùlé máa ń pa bí ooru bá mú. Gbogbo rẹ̀ pátá wá dúró sí ẹnu ọmọ kan ṣoṣo.

Vonda kì í ṣe èèyàn burúkú o. Ẹ̀rù rẹ̀ ló kàn ń bani. Ó ga, ọwọ́ rẹ̀ tóbi, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, òun ló sì ń ṣe ọ̀gá lórí bẹ́líìtì tó ń gbé ọ̀dùnkún kọjá ní ṣẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ti ń ṣà á. Bí ọ̀dùnkún bá ń kọjá níwájú rẹ̀, ojú kan ló máa fi wò ó, á ti mọ ibi tó yẹ kó lọ. Láti ìgbà tó ti gbọ́ nípa Idella, kò tíì fi ẹsẹ̀ tẹ ilé bàbá rẹ̀. Wọ́n á pàdé lóko, wọ́n á sọ̀rọ̀ òjò, wọ́n á sọ̀rọ̀ tírákítọ̀, oníkálùkù á gba ilé rẹ̀ lọ. Ilé tirẹ̀ wà lódìkejì pápá, èèyàn lè dúró sí kíṣìnì Thurman kó máa wo iná rẹ̀. Nígbà tí bàbá rẹ̀ ní kó wá jẹun lọ́jọ́ Àìkú, ohun tó sọ kò ju pé òun á wá.

Idella ti dáná fún àwọn ọmọ iléèwé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń sè é kó pọ̀, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń sè é kó dùn, ṣùgbọ́n oúnjẹ ọjọ́ yẹn kì í ṣe oúnjẹ ọmọ iléèwé. Ó ro ti adìyẹ, ó pa á tì. Ó ro ti ẹja, ó pa ìyẹn náà tì. Nílé ọlọ́dùnkún, ọ̀dùnkún ló yẹ kéèyàn fi bẹ̀bẹ̀. Ó wá pinnu pé òun á yan án lódindi, òun á là á láàárín, òun á po inú rẹ̀ mọ́ bọ́tà àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi èéfín yan, òun á rọ́ ọ padà sínú awọ, òun á wá bo orí rẹ̀ pẹ̀lú wàràkàṣì. Bí wàràkàṣì bá ti yọ́, òun á da oyin gbígbóná tí òun ti fi ata gígún pò lé e lórí, pẹ̀lú èso pikáànì tí òun ṣà lábẹ́ igi ẹ̀yìnkùlé. Kó ta lẹ́nu, kó tún máa dùn lọ́nà ọ̀fun. Oúnjẹ tí kò jọ ti ẹnikẹ́ni nìyẹn, kò sì ní dà bíi pé òun fẹ́ gbapò ìyá ọmọ.

Ọ̀rọ̀ ìyá ọmọ yìí gan-an ló ń kó o láyà sókè. Ernestine ni orúkọ rẹ̀. Épírọ́ọ̀nù rẹ̀ ṣì wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn kíṣìnì, Idella kò sì fọwọ́ kàn án. Aṣọ ìnura ló so mọ́ ìdí dáná.

Páńpẹ́ kan wà tó mọ̀, ó sì yẹra fún un. Ọ̀dùnkún tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wà kì í dùn, àfi kí wọ́n kọ́kọ́ kó o sínú yàrá ooru kó lọ sùn, kí ìyẹ̀fun inú rẹ̀ lè di ṣúgà. Thurman ti fi ẹ̀rín sọ fún un nípa àna wọn kan tó wú ọ̀dùnkún tútù láti inú ebè, tó yan án fún gbogbo ìjọ, tí orúkọ rẹ̀ kò sì padà dáa mọ́ títí tó fi kó lọ sí Virginia. Nítorí náà, ní ọ̀sán Sátidé, Idella ní kí Thurman mú òun lọ sí yàrá ooru fúnra rẹ̀. Ó bi í léèrè èyí tó ti sùn. Thurman nawọ́ sí i. Àpótí ńláńlá ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ni àwọn ojúlówó wà, àwọn tí wọ́n fọwọ́ ṣà lọ́kọ̀ọ̀kan fún àwọn oníbàárà ọdún Kérésìmesì. Awọ wọn ń dán, orí àti ìdí wọn rí ṣóńṣó, kò sí èyí tó ju èkejì lọ. Idella mú mẹ́ta. Thurman dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ sápò, ó ní wọ́n dáa.

Àlejò bí òkété là ń fi èkùrọ́ lọ̀. Ohun tí Idella ń rò nínú ọkàn rẹ̀ nìyẹn, bó ṣe di ọ̀dùnkún mẹ́ta náà mọ́ aṣọ bí ẹni gbé ẹyin.

Apẹ̀rẹ̀ kan tún wà nílẹ̀ kíṣìnì, àṣàtì ló kún inú rẹ̀. Àwọn kan wọ́, ọkọ́ ti bu àwọn mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́, òmíràn tóbi bí orí ọmọ ọwọ́. Idella mú ọ̀kan tó ká kò níbẹ̀ láti fi dán ààrò wò. Alásè tó gbọ́n kì í gún ọ̀dùnkún tó fẹ́ gbé fún èèyàn pàtàkì, torí bí wọ́n bá ti gún un, oje dídùn rẹ̀ á máa ṣàn jáde, awọ rẹ̀ á sì hunjọ. Àṣàtì yẹn ló máa gún ní fọ́ọ̀kì léraléra láti mọ̀ bóyá àwọn tó kù ti jinná. Bí gbogbo èèyàn bá jẹun tán, òun á jẹ ẹ́ ní ìdúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ síńkì.

Ààrò ilé náà ti dàgbà, ẹ̀yìn rẹ̀ gbóná ju iwájú lọ. Bí Idella ṣe ń yí páànù ló ń wo ojú fèrèsé, bó ṣe ń wo ojú fèrèsé ló ń yí páànù. Ó gún àṣàtì, ó ṣì le. Ó gún un lẹ́ẹ̀kan sí i, fọ́ọ̀kì wọlé bí ẹni gún bọ́tà. Ó la àwọn mẹ́ta náà, ó fẹ́ẹ̀ ya awọ ọ̀kan, ó dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó ti pò ó tán, ó ti rọ́ ọ padà, ó ti wọ́n wàràkàṣì lé e, ó ti tì í padà sínú iná, nígbà tó gbọ́ tí wọ́n kan ilẹ̀kùn iwájú.

Thurman tó ti ń rìn káàkiri pálọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì dúró gbagidi.

"Ó kan ilẹ̀kùn," ló sọ, bí ẹni pé ẹnì kan kú.

Idella sọ fún un pé ìwà ọmọlúàbí ni kéèyàn kan ilẹ̀kùn.  Thurman lọ ṣílẹ̀kùn fún ọmọ tó bí.

Vonda wọlé pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó gbé kéèkì tí wọ́n rà ní ṣọ́ọ̀bù dání, ọ̀rá tí wọ́n fi wé e kò tíì já. Ó kí Míìsì Idella, ó ní ilé náà mọ́. Ó dúró títí wọ́n fi ní kó jókòó. Idella rí gbogbo rẹ̀, ó sì dúpẹ́ lọ́kàn pé ọmọ náà ní ẹ̀kọ́ ilé. Kò mọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ bá èèyàn jà lè wọṣọ ẹ̀kọ́ ilé wá.

Wọ́n jókòó. Wọ́n sọ̀rọ̀ ìwàásù, ó tán. Wọ́n sọ̀rọ̀ òjò, òun náà tán. Òórùn wàràkàṣì ń bọ̀ láti kíṣìnì, ọkàn Idella sì wà níbẹ̀ kó má jóná. Ó dìde, ó gbé páànù jáde. Wàràkàṣì ti yọ́, etí rẹ̀ ti pọ́n díẹ̀ bó ṣe fẹ́ ẹ. Ó da oyin aláta lé e, ó fọ́n pikáànì sí i, ó gbé e sínú àwo tó dára jù nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó ká aṣọ ìnuwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wá gbé ti Vonda síwájú rẹ̀ ṣáájú ti ẹnikẹ́ni.

Thurman gbàdúrà, ó kúrú. Vonda mú fọ́ọ̀kì. Kò gún oúnjẹ náà. Ó fi etí fọ́ọ̀kì gbé ọ̀dùnkún náà sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó wo awọ rẹ̀ lábẹ́, ó yí i, ó wo orí àti ìdí, bó ṣe máa ń wò ó lórí bẹ́líìtì. Ó rọra gbé e sílẹ̀.

"Dádì, níbo ni wọ́n ti mú èyí?"

Thurman ní nínú yàrá ooru ni.

"Inú àpótí wo?"

Thurman wú ikọ́. Idella rí i pé kò ní sọ̀rọ̀, ó bá a gbà á. "Èmi ni mo mú un, Vonda. Lára àwọn ti Kérésìmesì. Mo fẹ́ kó jẹ́ pé èyí tó dáa jù ni màá gbé síwájú ẹ."

"Mo rí i," ni Vonda wí. Ó fi fọ́ọ̀kì sílẹ̀. Ó mú aṣọ ìnuwọ́ tí Idella ká, ó tún un ká bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ó gbé e padà síbi tó ti mú un. "Ẹ ṣé gan-an, Míìsì Idella. Ẹ ṣe mí lálejò dáadáa."

Ó dìde. Kò fi ìbínú ti àga. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ náà, èyí ló burú jù. Ó gba ẹnu ọ̀nà iwájú tó gbà wọlé jáde, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn.

Idella dúró sí ìdí tábìlì bí ẹni tí wọ́n fọ́ lẹ́nu. Ó béèrè lọ́wọ́ Thurman pé kí lòun ṣe. Ṣé kò jinná ni? Ṣé kì í jẹ wàràkàṣì ni? Thurman ń wo àwo ọmọ rẹ̀, kò gbójú sókè.

"Ojúlówó ni," ló sọ níkẹyìn. "A kì í jẹ ojúlówó nílé yìí. Èyí tí a máa tà ni, àbí èyí tí a máa fún àlejò. Ernestine kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa fọwọ́ kàn án rí. Ará ilé, àṣàtì ló ń jẹ."

"Thurman. O dúró lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mo ń mú un."

"Mo rò pé..." Ó fọwọ́ pa orí. "Ó wù mí bí o ṣe ń mú un. Mi ò rò ó jìnnà."

Ọkùnrin! Ẹ fi ọkùnrin sí ẹnu ọ̀nà, kó máa wo iná tó ń jó ilé, á ní iná náà pọ́n dáadáa. Idella kò sọ èyí síta, ṣùgbọ́n ó wà lẹ́nu rẹ̀. Ó wọ kíṣìnì lọ torí pé kò fẹ́ kí Thurman rí ojú òun. Báàgì rẹ̀ wà nínú yàrá àlejò, kò tíì tú gbogbo rẹ̀. Kò ní pẹ́ kó tó kó o tán. Ó ro ti fúláàtì Wilmington, ó ro ti tẹlifíṣọ̀n, omi sì lé sí i lójú.

Níta, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ akẹ́rù Vonda bẹ̀rẹ̀ sí dún.

Páànù wà lórí sítóòfù. Àṣàtì tó fi dán ààrò wò ṣì wà ní igun rẹ̀, ó hunjọ, ojú fọ́ọ̀kì kún gbogbo ara rẹ̀, oje rẹ̀ ti ṣàn, ó sì ti jóná mọ́ ìdí. Idella wò ó. Ìkòkò tó máa jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Ó là á pẹ̀lú ọ̀bẹ, kò pò ó, kò rọ́ ọ. Ó ju wàràkàṣì tó kù lé e nínú ooru ara rẹ̀, ó fi ṣíbí ha díẹ̀ nínú oyin aláta tó ti ń dì nínú ìkòkò, ó dà á lé e, ó fi aṣọ ìnura tó so mọ́dìí wé e, ó sì gba ẹ̀yìn kíṣìnì jáde.

Yanrìn ló wà nílẹ̀ àgbàlá náà, bàtà gíga ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sì ń rì sínú rẹ̀. Ó bọ́ ọ̀kan sílẹ̀, ó bọ́ èkejì, ó sáré pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀. Ọkọ̀ náà ti ń yí orí padà sí ọ̀nà. Idella bọ́ síwájú rẹ̀, ó dúró. Vonda tẹ bíréèkì pẹ̀lú agbára, ọkọ̀ náà dúró níwájú ikùn rẹ̀ gan-an.

Vonda yọjú láti fèrèsé. "Ẹ kúrò níwájú mọ́tò, Míìsì Idella."

"Mi ò kúrò."

"Mo lè pa yín."

"Mo rí i. Ṣílẹ̀kùn fún mi."

Kò sí ẹni tó mọ ohun tí Vonda rò ní àkókò yẹn.  Ó nawọ́, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ kejì. Idella gun òkè, ó jókòó pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ tó kún fún yanrìn, ó gbé aṣọ gbígbóná náà lé itan. Ẹ́ńjìnnì kò kú. Vonda kò gbé ọwọ́ kúrò lórí sítíárì.

Idella ní òun kò mọ̀. Ó ní ẹnikẹ́ni kò sọ fún òun.

"Mo mọ̀ pé ẹ ò mọ̀," ni Vonda wí. "Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Ẹni tí ò mọ̀ ló máa wá wà nílé yẹn."

 Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí sọ ọ́, ojú rẹ̀ wà lórí pápá níwájú, ohùn rẹ̀ kò ròkè.

"Nígbà tí mo kúrò nílé ọkọ ní Raleigh, báàgì méjì ni mo gbé dé. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń rò ó pé tí Mọ́mì bá bi mí, kí ni màá sọ. Wọn ò bi mí. Wọ́n ní kí n jókòó. Wọ́n wá gbé ọ̀dùnkún kan fún mi, ó wọ́, ọkọ́ ti bù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́, èyí tí a máa sọ sí màlúù tí kì í bá ṣe pé ebi ń pa wá. Mo wò ó, ẹkún gbà mí. Ká ní ojúlówó ni wọ́n gbé fún mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn, n bá mọ̀ pé mo wá kí wọn ni." Ó nu imú pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́. "Lónìí ni wọ́n wá gbé ojúlówó fún mi lórí tábìlì Mọ́mì. Pẹ̀lú aṣọ ìnuwọ́."

Ohun tí Idella fẹ́ sọ pọ̀, ṣùgbọ́n ó yan èyí tó jẹ́ òótọ́ jù.

"Bí o bá wa mọ́tò yìí lọ, mo máa kó ẹrù mi nírọ̀lẹ́ yìí. Mi ò fi halẹ̀ mọ́ ẹ o. Bàbá ẹ ló ti sọ ọ́. Ó ní tí o bá ní rárá, rárá náà ni."

Vonda yíjú sí i fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Bàbá ẹ. Látìgbà tó ti ní òun fẹ́ mi. Ṣé kò sọ fún ẹ ni?"

"Wọ́n kàn ní Míìsì Idella máa se oúnjẹ lọ́jọ́ Àìkú. Mo rò pé wọ́n ti parí ẹ̀, pé wọ́n kàn fẹ́ kí n wá rí ìyàwó ni."

"Ṣé bàbá ẹ máa ń sọ nǹkan fún èèyàn ni? Ó ń wò mí bí mo ṣe ń kó ojúlówó. Ó fi ọwọ́ sápò. Ó ní wọ́n dáa."

Imú ni Vonda kọ́kọ́ fi rẹ́rìn-ín, kò fẹ́ kó jáde, ó jáde náà. "Ọdún tí tírákítọ̀ bàjẹ́, ó pẹ́ kí n tó mọ̀. Mo kàn ń rí i pé wọ́n ń gbé ọkọ́ lọ sóko láràárọ̀. Mo rò pé dókítà ló ní kí wọ́n máa ṣe eré ìdárayá."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì tètè tán, torí pé ohun tó wà nílẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Vonda wo itan Idella. Ó béèrè ohun tó wà nínú aṣọ yẹn.

"Èyí tí mo fi dán ààrò wò," ni Idella wí. "Inú apẹ̀rẹ̀ ni mo ti mú un. Èmi ni mo fẹ́ jẹ ẹ́ ní kíṣìnì, tí ẹ̀yin bá jẹun tán."

Vonda tú aṣọ náà. Ó wo ohun wíwọ́ tó hunjọ níbẹ̀, tí fọ́ọ̀kì ti gún kiri, tí wàràkàṣì ti ṣàn kúrò lórí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó wò ó pẹ́ ju bó ṣe wo ojúlówó lọ.

"Ẹ̀yin lẹ wá fẹ́ jẹ àṣàtì," ló sọ, "ẹ wá fún mi ní tàlejò."

 Vonda fi ọwọ́ já a sí méjì. Ó fi èyí tó jóná sẹ́nu, ó jẹ ẹ́, ó gbé e mì, ata sì mú un lójú ẹsẹ̀. Ó fi èjìká nu ojú.

"Ata yìí pọ̀."

Idella ní òun lè dín in kù.

"Mi ò ní kí ẹ dín in kù." Ó tún bu òmíràn jẹ. "Mọ́mì ò fi wàràkàṣì sí i rí."

Idella ń dúró. Bí ẹni dúró de adájọ́ ló rí, ó fọwọ́ mú etí ìjókòó.

"Kò burú," ni Vonda wí. Ó gbé ìdajì kejì fún un. Wọ́n jẹ ẹ́ tán, oyin ń kán sí wọn lọ́wọ́, wọ́n ń lá a. Lẹ́yìn náà ni Vonda nawọ́, ó yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì kú.

Kò gba ilẹ̀kùn iwájú lọ mọ́. Ó ṣa bàtà Idella nínú yanrìn bó ṣe ń lọ, ó gba ẹ̀yìnkùlé, kò kan ilẹ̀kùn kíṣìnì, ó fi ẹsẹ̀ tì í, ó sì jẹ́ kó gbá padà gbà-á lẹ́yìn wọn bí ọmọ ilé tí ìyá rẹ̀ ti bá wí títí tó sú u. Thurman ṣì wà níbi tí wọ́n fi í sí. Ó ti mú fọ́ọ̀kì, ó ń wo ọ̀dùnkún rẹ̀ tó ti tutù bóyá kó jẹ ẹ́.

"Ẹ gbé e sílẹ̀, Dádì," ni Vonda wí. "Ṣé àlejò ni yín?"

Ó gba àwo ọwọ́ bàbá rẹ̀, ó gba méjì tó kù, ó bò wọ́n, ó ní pásítọ̀ àti ìyàwó ẹ̀ á jẹ ẹ́, wọ́n á rò pé Kérésìmesì ti dé. Ó nawọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó mú épírọ́ọ̀nù ìyá rẹ̀ lórí ìṣó, ó so ó mọ́dìí láìwò ó. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí apẹ̀rẹ̀, ó ń ṣà. Ó béèrè bóyá ààrò ṣì gbóná. Idella ní ó gbóná, ẹ̀yìn rẹ̀ ló gbóná jù. Vonda ní òun mọ ààrò náà.

Wọ́n jókòó de ọ̀dùnkún kó jinná, òòrùn sì ń wọ̀ lórí pápá. Thurman la ẹnu lẹ́ẹ̀kan pé òun fẹ́ béèrè nǹkan lọ́wọ́ Vonda. Vonda ní kó jẹ́ kí wọ́n jẹun ná, ṣùgbọ́n ojú tó fi wò ó kì í ṣe ojú ẹni tó ń bínú. Nígbà tí òórùn rẹ̀ ti gba ilé, Idella dìde láti lọ kó àwo jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù.

"Ẹ jókòó," ni Vonda wí. "Mo mọ ibi tí àwo wà."

Ó kó àwo jáde, kì í ṣe èyí tó dára jù, àwọn tí etí wọn ti kán díẹ̀ ni. Ó da oyin aláta sí orí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìṣahun. Èyí tí ọkọ́ bù ló gbé fún bàbá rẹ̀. Èyí tó rí rogodo bí igbá ló gbé sí iwájú ara rẹ̀. Èyí tó kù ni ó burú jù nínú apẹ̀rẹ̀ yẹn, ó ní ìdí méjì, ọrùn rẹ̀ wọ́, awọ rẹ̀ rí gbágungbàgun. Vonda gbé e síwájú Idella, kò fi aṣọ ìnuwọ́ kankan sí i.

"Èyí tiyín," ló sọ.

Idella jẹ ẹ́ tawọ-tawọ, kò ṣẹ́ nǹkan kan kù.